Ìtàn Àwọn Tí Wọ́n Ń Ki Ọta Ìbọn Wọn Nílé ní Amẹ́ríkà

Ní ọdún 2020, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà lé gbogbo ayé wọlé, ọta ìbọn di ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń wá kiri bí ẹni ń wá omi nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ilé ìtajà tí ó ti máa ń to páálí ọta jọ gèlètè kò ní ju àtẹ òfìfo lọ mọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn, nítorí wọn kì í ra ọta lọ́jà. Nílé wọn, lórí tábìlì kan ní gáréèjì tàbí ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, ni wọ́n ti ń ki í fúnra wọn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ojú wọn tó là. Òjé wà nílé, kòròfo idẹ kún inú ike, ṣùgbọ́n práímà, ohun kékeré tí kò tóbi ju ẹ̀wà pupa kan lọ, ti di àwátì. Àwọn tí wọ́n sì ní in nípamọ́ ń tà á ní iye tí ó wù wọ́n.

Nígbàkígbà tí ìròyìn bá gbé ọ̀rọ̀ ìbọn Amẹ́ríkà dé ọ̀dọ̀ wa, ti ìpànìyàn ni ó sábà máa ń jẹ́. N kò sọ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí ó lè fi ohun púpọ̀ hàn wá nípa orílẹ̀-èdè náà: ta ni ó ń ṣe ọta tí àwọn ìbọn wọ̀nyẹn ń jẹ? Ìdáhùn rẹ̀ ti yí padà léraléra láàárín nǹkan bí 150 ọdún, ọ̀kan nínú ìyípadà náà sì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Yorùbá gan-an, ní àkókò ogun Kírìjì.

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ọta òde òní jẹ́, èyí tí àwọn ọdẹ wa ń pè ní kátíríìjì. Nǹkan mẹ́rin ni ó para pọ̀ di í. Kòròfo idẹ ni ara rẹ̀. Práímà wà ní ìdí kòròfo náà, òun ni ó ń sáná nígbà tí irin ìbọn bá kàn án. Ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, òjé, tàbí òjé tí a fi bàbà bò, sì dí i lẹ́nu. Bí ìbọn bá ti dún, práímà ti kú, ẹ̀tù ti jó, òjé ti lọ. Idẹ nìkan ni ó kù, òun gan-an ni owó rẹ̀ sì sábà máa ń pọ̀ jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí ó bá tọ́jú rẹ̀ lè lò ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí ó tó ya. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ní àtijọ́, kò sí ẹni tí yóò sọ pé òun ń ki ọta nílé bí ẹni pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Gbogbo oníbọn ni ó ń ṣe é. Ìbọn tí àwọn aṣíkiri láti Yúróòpù gbé wọ igbó Amẹ́ríkà kò yàtọ̀ ní ìpìlẹ̀ sí ṣakabùlà tí àwọn bàbá wa gbé wọ igbó ilẹ̀ wa: a ó da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, a ó fi òjé tẹ̀ lé e, a ó sì fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀. Nínú ilé, lójú ààrò, ni wọ́n ti ń yọ́ òjé, tí wọ́n ń dà á sínú irin oníhò kí ó lè di roboto. Ẹ̀tù ni ó kù tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ oníṣòwò.

Nǹkan yí padà nígbà tí àwọn oníṣẹ́ rí ọgbọ́n kó ẹ̀tù, iná àti òjé pọ̀ sínú ìkòkò idẹ kan ṣoṣo. Ní 1857, ilé iṣẹ́ Smith & Wesson gbé ìbọn ìléwọ́ kékeré kan jáde tí ó ń jẹ irú ọta bẹ́ẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láàárín 1861 sí 1865, ìbọn Spencer àti ti Henry fi han gbogbo ènìyàn pé ẹni tí ìbọn rẹ̀ ń jẹ ọta onídẹ yóò ti yìn ín léraléra kí ẹni tí ó ń ki tirẹ̀ láti ẹnu tó yin ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà níbẹ̀. Inú etí ìdí idẹ ni wọ́n rọ ohun tí ń sáná sí nínú àwọn ọta wọ̀nyí. Bí irin ìbọn bá ti lu etí náà, ó parí; kò sí bí a ṣe lè fi òmíràn rọ́pò. Ẹni tí ó bá ra irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ti di oníbàárà ilé iṣẹ́ ọta ní gbogbo ọjọ́ ayé ìbọn náà. Títí di òní, ọta kékeré tí wọ́n ń pè ní .22 ṣì wà bẹ́ẹ̀, jíjù ni wọ́n ń ju kòròfo rẹ̀ nù. Ẹ fi kòròfo .22 yìí sọ́kàn, a ó tún bá a pàdé níwájú.

Ọkùnrin méjì ni ó tú ìdè náà ní nǹkan bí 1866: Hiram Berdan, ará Amẹ́ríkà, àti Edward Boxer, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjèèjì gbé práímà sí àárín gbùngbùn ìdí kòròfo, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà tí ó dá dúró. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kéré lójú. Kòròfo ti Boxer ní ihò kan ní àárín, ẹni tí ó bá sì ti ọ̀pá wẹ́wẹ́ gba inú rẹ̀ lè ti práímà tí ó ti kú jáde ní ìrọ̀rùn. Ti Berdan ní ihò kéékèèké méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pá kò sì lè rí ọ̀nà gbà. Ohun tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni Amẹ́ríkà gbà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù gba ti ọmọ Amẹ́ríkà. Bí ó bá jẹ́ ti Berdan ni Amẹ́ríkà dì mú, bóyá ni iṣẹ́ kíki ọta nílé ìbá gbilẹ̀ níbẹ̀ tó bí ó ṣe gbilẹ̀.

Ìbọn Snider ti àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni Boxer ṣe ọta tirẹ̀ fún. Ìbọn Snider yìí sì wà lára àwọn tí ó dé ilẹ̀ wa nígbà tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ń bá Ìbàdàn jà. Nígbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1878, lẹ́yìn tí Fábùnmi ará Òkè-Mẹ̀sí ti pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ṣakabùlà ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ tọ̀túntòsì. Ìbàdàn, tí Ààrẹ Látòósà ń darí, ní ìrírí ogun ju àwọn yòókù lọ, ó sì ń borí. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ṣòwò ní Èkó, tí àwọn kan lára wọn ti Sàró dé, ni wọ́n da owó jọ nínú ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀, tí wọ́n ń ra ìbọn tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sílé. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ Ìbàdàn kò ti fi bẹ́ẹ̀ ròkè mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìró ìbọn ńláńlá ogun náà ni ó bí orúkọ Kírìjì.

Bí a bá ń sọ ìtàn Kírìjì, akin Ògèdèǹgbé ni a máa ń sọ jù, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìbọn tuntun náà gbà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n lò ó. Fún ṣakabùlà, alágbẹ̀dẹ ìlú lè rọ ọta. Bí òjé bá wọ́n, irin wà. Fún Snider, kò sí alágbẹ̀dẹ kan tí ó ní ẹ̀rọ tí ó lè sọ idẹ di pẹlẹbẹ wẹ́lẹ́ńjẹ́ tàbí tí ó lè ṣe práímà. Òkè òkun ni ọta rẹ̀ ti ń wá. Ó ń gba Èkó, ó ń gba ojú ọ̀sà, ó ń gba Oǹdó kí ó tó dé ọwọ́ jagunjagun ní ibùdó Ìmẹ̀sí-Ilé. Ẹni tí ó bá di ọ̀nà Oǹdó, ẹnu ìbọn ni ó dí. Ìbàdàn náà mọ irú ìyà bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí pé Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti di ọ̀nà etíkun mọ́ ọn, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀tù lásán pàápàá di ohun tí ó ń fi làálàá wá. Ìwé àlàáfíà tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹsàn-án 1886 kò tú ibùdó ká. Ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó lọ sílé.

Láàárín àkókò yẹn ni àwọn ìjọba Yúróòpù pàdé ní Brussels, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé kan ní oṣù keje 1890. Òwò ẹrú ni wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ fi òpin sí, ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin ìbọn kún un. Ní apá ibi tí ó gbòòrò jù ní Áfíríkà, tí ilẹ̀ wa wà nínú rẹ̀, wọn kò ní jẹ́ kí ìbọn ìgbàlódé àti ọta rẹ̀ máa wọlé fàlàlà mọ́. Ìbọn olókùúta-ìṣáná tí kò ní ìlà nínú àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún. Ní tèmi, mo gbà pé òfin yìí wà lára ohun tí ó mú kí ṣakabùlà wà ní èjìká ọdẹ Yorùbá di òní olónìí, nígbà tí ìran mìíràn ti gbé tiwọn kọ́ sára ògiri. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan kíki kátíríìjì nílé, Òfin Ìbọn Nàìjíríà tí ó ti wà láti 1959 kò fàyè gba ará ìlú láti máa ṣe ọta nínú ilé rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka àròkọ yìí bí ìwé ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ìtàn ni mo ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Amẹ́ríkà. Ní àwọn ọdún 1870, àwọn ọdẹ tí wọ́n ń pa ẹfọ̀n ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ kíki kátíríìjì di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Wọ́n jìnnà sí ilé ìtajà, ọta tí wọ́n sì ń yìn lójúmọ́ kò kéré. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a jókòó ti iná, wọn a yọ́ òjé, wọn a yọ práímà tí ó ti kú, wọn a sì ki kòròfo fún ti ọ̀la. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ọta náà ṣe kò dára: láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹfọ̀n ilẹ̀ náà run, wọ́n sì gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ onílẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n lò kò parẹ́ pẹ̀lú wọn.

Ní 1884, John Barlow dá ilé iṣẹ́ Ideal sílẹ̀ ní New Haven, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ohun èlò tí ó ń tà rí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Ẹ̀mú kan ṣoṣo yìí ń yọ práímà, ó ń fi òmíràn sí i, ó ń fi òjé dí kòròfo lẹ́nu, orí rẹ̀ kan sì jẹ́ irin oníhò tí a ń da òjé yíyọ́ sí. Ọdẹ lè gbé e sínú àpò ẹ̀wù. Láti ìgbà náà ni ọta kíki ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n wà ní aginjù, tí ó wọ ilé àgbẹ̀ àti ilé oníṣẹ́ ọwọ́. Ilé iṣẹ́ Lyman ra Ideal ní 1925, ó sì ń ta irú ẹ̀mú náà lọ.

Ọdún tí Barlow bẹ̀rẹ̀ gan-an ni Paul Vieille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ẹ̀tù tí kì í rú èéfín. Ìbọn Lebel ti àwọn ọmọ ogun Faransé lò ó ní 1886, nígbà tí ó sì di 1895, ó dé ọwọ́ ọdẹ Amẹ́ríkà nínú ọta Winchester .30-30. Níbí ni mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀, nítorí ibí ni ẹ̀jẹ̀ ti wọ inú ìtàn náà. Ẹ̀tù dúdú ní sùúrù fún aláìmọ̀kan. Nínú kòròfo tí wọ́n ṣe fún un, ẹni tí ó bá rọ ọ́ kún dẹ́nu kò tíì ṣẹ̀ púpọ̀. Ife ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́, ojú sì lè rí i. Ẹ̀tù tuntun yìí lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà púpọ̀. Ẹni tí ó bá fi ife àtijọ́ bù ú yóò fọ́ ìbọn mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kò sì mọ níwọ̀n. Òṣùwọ̀n wá di dandan, ìwọ̀n tí wọ́n sì ń lò ni géréènì, tí 7,000 rẹ̀ jẹ́ páùn kan péré. Àmì ìgbà àtijọ́ kò tíì parẹ́ tán: lára ọ̀pọ̀ páálí kátíríìjì ìbọn ọdẹ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣì ń kọ iye ẹ̀tù dúdú tí ìbá ṣe irú iṣẹ́ tí ẹ̀tù inú rẹ̀ ń ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí hóró ẹ̀tù dúdú kan níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọ̀wọ́ àwọn alágídí kan fi yọjú, àwọn tí wọ́n ń ki ọta kí ó lè lágbára ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Elmer Keith, darandaran àti ọdẹ tí ó gbé ní Idaho, ni olókìkí jù nínú wọn. Ní 1925, ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ fọ́ níbi tí ó ti ń yin ọta líle tí ó ki fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá jáwọ́. Keith lọ mú ìbọn .44 tí irin rẹ̀ nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì tẹ̀ síwájú fún ọgbọ̀n ọdún, ó ń kọ ohun tí ó rí sínú ìwé ìròyìn, ó ń yọ àwọn ilé iṣẹ́ lẹ́nu, títí Smith & Wesson àti Remington fi gbé .44 Magnum jáde ní ìparí 1955. N kò mọ̀ bóyá kí á pe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ọlọ́gbọ́n tàbí aláìbẹ̀rù ikú. Phil Sharpe, tí ó kọ ìwé ńlá kan lórí iṣẹ́ náà ní 1937, ni mo kà sí ẹni tí ó wúlò jù fún ará ilé lásán, nítorí ó kó ìmọ̀ tí ó fọ́nká jọ síbi kan.

Nígbà tí ogun àgbáyé kejì gba gbogbo ilé iṣẹ́ fún ọmọ ogun, ọta wọ́n fún ọdẹ, bàbà tí wọ́n fi ń bo òjé sì wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kòròfo .22 tí wọ́n ti ń jù nù láti ìgbà Smith & Wesson ni ó wá gba àwọn ènìyàn sílẹ̀. Ní 1943, Fred Huntington ní Oroville, ìpínlẹ̀ California, ṣe ohun èlò tí ó ń tẹ kòròfo .22 di aṣọ tí a lè fi bo òjé. Nínú ilé ìfọṣọ bàbá rẹ̀ ni ó ti ń ṣe é. Ilé iṣẹ́ RCBS ni ó di lẹ́yìnwá. Vernon Speer ní Idaho náà ń ṣe irú ọta bẹ́ẹ̀. Joyce Hornady, tí ó ti bá Speer ṣiṣẹ́ pọ̀, dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Nebraska ní 1949. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lórí páálí di òní.

Ti Bruce Hodgdon ni ó wù mí jù. Nígbà tí ogun parí, ìjọba ní ẹ̀tù tí kò mọ ohun tí yóò fi ṣe. Hodgdon yá owó lórí ìwé adójútòfò ẹ̀mí rẹ̀, ó fi ra tọ́ọ̀nù 25, ó sì ra àgọ́ ọkọ̀ ojú irin àlòkù kan, ó gbé e sínú pápá oko ní Kansas, ó kó ẹ̀tù sínú rẹ̀. Ìpolówó pẹ́pẹ̀pẹ́ kan nínú ìwé ìròyìn ni ó fi bẹ̀rẹ̀: 150 páùn ní dọ́là 30. Ìyẹn ni pé páùn kan jẹ́ 20 sẹ́ǹtì. Àwọn jagunjagun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun dé, tí wọ́n mọ ìbọn yìn ṣùgbọ́n tí owó kò sí lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n rà á. Ní 1958, Richard Lee ní Wisconsin wá ṣe ohun èlò tí kò nílò ju òòlù lọ, ó mú iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní àyè fún ẹ̀rọ.

Òfin náà kò ṣaláì wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn ikú Kennedy, King àti Kennedy àbúrò, òfin ìbọn ti 1968 sọ pé kí àwọn tí ń ta ọta máa kọ orúkọ oníbàárà sílẹ̀; òfin 1986 yọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kúrò. Ẹni tí ó bá ń ki ọta fún ara rẹ̀ kò nílò ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀. Ẹni tí ó bá ń kì í tà nílò rẹ̀.

Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ lóde òní ní Amẹ́ríkà, ìwé ni àwọn àgbà iṣẹ́ náà yóò kọ́kọ́ ní kí ó rà, kí ó tó ra irin kankan. Lẹ́yìn náà ni òṣùwọ̀n àti ìgò ojú. Wọn yóò kìlọ̀ fún un nípa ọta ìbọn ìléwọ́, nítorí ẹ̀tù rẹ̀ kì í tó ìdajì kòròfo: ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá yà sí ibòmíràn lè bù ú lẹ́ẹ̀mejì kí ojú rẹ̀ má sì rí i. Ẹni tí ó bá gbàgbé láti bù ú rárá náà wà nínú ewu, nítorí òjé yóò há sínú agbada ìbọn, ọta tí ó bá tẹ̀ lé e yóò sì fọ́ ọ. Wọn a ní kí ó fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun, nítorí òjé jẹ́ májèlé. Ní ti owó tí wọ́n ní iṣẹ́ náà ń dín kù, àwọn fúnra wọn a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: iye kan náà ni wọ́n ń ná, ọta tí wọ́n ń yìn ni ó pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n nínú nǹkan mẹ́rin tí mo kà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, práímà ni ará ilé kò lè dá ṣe. Ó léwu láti ṣe, ẹ̀rọ rẹ̀ sì wọ́n. Nígbà tí ọ̀wọ́n 2020 dé, orúkọ mẹ́rin ni ó gbajúmọ̀ lórí páálí práímà Amẹ́ríkà: CCI, Federal, Winchester àti Remington. Ilé iṣẹ́ Vista Outdoor ni ó ni CCI àti Federal. Ní ọdún yẹn kan náà, Remington wọ gbèsè, Vista sì ra apá tí ó ń ṣe ọta. Ní oṣù kọkànlá 2024, Vista ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ilé iṣẹ́ ohun ìjà kan ní orílẹ̀-èdè Czech, ní iye tí ó lé ní bílíọ̀nù méjì dọ́là. Ọkùnrin tí ó jókòó sí gáréèjì rẹ̀ ní Kansas lónìí, tí ó ń da ẹ̀tù Hodgdon sínú kòròfo tí ó ti lò lẹ́ẹ̀mẹfà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé Prague ni ẹni tí ó ni iná ìdí ọta rẹ̀ wà.